Bí Ọdẹ́yalé Ṣe Gba Agogo Idẹ Ìlú Yípo

Ẹ̀yin ará ilé mi, òjò yìí kò ní dá bọ̀rọ̀, ẹran ìgbẹ́ kò sì ní jáde nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ súnmọ́ àárín àtíbàbà, kí a fi ọ̀rọ̀ lé otútù lọ. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí mo bá ẹfọ̀n jà létí odò títí ẹfọ̀n fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ tọ́jú àwọn ọmọ òun, mi ò ní parọ́ fún yín lónìí. Èyí tí mo ní nínú irọ́ ti tán lọ́dún tó kọjá.

Ìtàn ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́yalé ni mo fẹ́ sọ. Ọkùnrin náà kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ọ̀pá ìtilẹ̀, ó sì fi kẹ̀kẹ́ ọ̀hún dé ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í sábà dé. Ẹ má rò pé ó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Owú ló gbé e lé e lórí, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan tí ẹmu wọ̀ ọ́ lára.

Ọdẹ́yalé ní àbúrò kan ṣoṣo, Fájìnmí, ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí bàbá wọn kú, Fájìnmí ò tíì lè wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀. Ọdẹ́yalé ló pọ̀n ọ́n, òun ló bọ́ ọ, òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Bí ó bá pe orúkọ ọmọ náà láti ẹ̀yìnkùlé, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ ọmọ, yóò jù ú sílẹ̀ ni, yóò sì sáré wá. Ṣùgbọ́n ọmọ dàgbà, ó lọ kọ́ eré kẹ̀kẹ́, kò sì pẹ́ tí gbogbo agbègbè fi mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè bá a sá a.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa Ìlú Yípo, ìlú àwọn iwin tó wà lẹ́yìn igbó. Ọdọọdún ni ọba wọn máa ń pe àwọn ènìyàn wá bá àwọn iwin du agogo idẹ lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá gbà á, títí ọdún yóò fi yí, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ kí níbikíbi tí àwùjọ bá wà, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ arúgbó. Ẹni tó bá sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di tirẹ̀ títí ayé. Fájìnmí ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ó ṣe di pé ní agbo ilé wọn, àbúrò ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó kí ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Ọdẹ́yalé fara mọ́ ọn. Ó ní àṣà iwin ni, kò kan òun. Lọ́jọ́ kan, òun àti Fájìnmí jọ wọlé, ìyàwó rẹ̀ Àwẹ̀ró sì kúnlẹ̀ níwájú Fájìnmí.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi asáré-bí-àṣá. Ẹ kú oríire o." Lẹ́yìn náà ló wá yí sí ọkọ tó fẹ́ ẹ níyàwó. "Ẹ̀yin náà, ẹ káàbọ̀."

Ẹ̀yin náà. Ọdẹ́yalé jókòó, ó ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Owú jẹ ẹ́ débi pé ó gbọ́ bí ó ṣe ń jẹ ẹ́. Òjòwú ò lẹ́ran láyà, wọ́n ní bẹ́ẹ̀, àmọ́ èmi tí mo rí àyà Ọdẹ́yalé lákòókò náà, egungun rẹ̀ gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó awọ ẹkùn tó ti ń tọ́jú bọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ó fi gba kẹ̀kẹ́ àlòkù kan. Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìn oko kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Gbogbo ìlú ló rí i. Ó ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó ṣubú lé ewúrẹ́ ìyá arúgbó kan lórí, ó wọ inú ọgbà ẹ̀gẹ́ olóko kan lọ, kò sì mọ bí yóò ṣe jáde. Àwọn èwe ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń ṣe é ní pẹ̀lẹ́ tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀, Ọdẹ́yalé ti ń di odindi ẹtu mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ń fi í gun òkè lọ sọ́jà. Ẹran tó ń gbé gun òkè yìí ló sọ itan rẹ̀ di òpó. Ó borí àwọn adẹ́mu, ó borí àwọn tíṣà, ó borí ẹni tó ń gbé lẹ́tà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní ṣé kò yẹ kí ó lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ó lọ, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn eléré kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni ìyà tuntun ti bá a. Nínú ẹgbẹ́ wọn, wọn kì í wo irùngbọ̀n. Bí obìnrin tó kọ́kọ́ wọlé ṣe jẹ́ ìyálé fún èyí tó dàgbà jù ú lọ tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Ọjọ́ tí o wọlé ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ọdẹ́yalé tó ti ní ọmọ-ọmọ di àbíkẹ́yìn pátápátá. Òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Òun ló ń fi epo pa ṣéènì. Fájìnmí sì ni olórí wọn, nítorí náà láràárọ̀, Ọdẹ́yalé ní láti tẹrí ba níwájú ọmọ tó pọ̀n.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ojú a máa ti Fájìnmí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Òfin ni," ni Ọdẹ́yalé yóò fi eyín wí.

Inú rere àbúrò rẹ̀ tilẹ̀ ń bí i ju ìgbéraga lọ, nítorí ìbá rí nǹkan bú ká ní ọmọ náà ń gbéra ga. Fájìnmí kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú kí afẹ́fẹ́ má baà rí ni. Ó kọ́ ọ pé bí ẹnìkan bá ti gba afẹ́fẹ́ fún ọ dé ìwọ̀n kan, ìwọ náà gbọ́dọ̀ bọ́ síwájú kí o gbà á fún un, pé ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, olè ni láàárín eléré. Ọdẹ́yalé kọ́ gbogbo rẹ̀. Kò dúpẹ́ lórí ọ̀kan.

Nígbà tí ọdún yí, kò sí ẹni tó lè ṣáájú rẹ̀ mọ́ nínú ẹgbẹ́ àfi Fájìnmí. Ẹni méjì ni ẹgbẹ́ máa ń rán lọ sí Ìlú Yípo, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló sì lọ. Ọdẹ́yalé mọ̀ pé bí Fájìnmí bá gba agogo náà lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò máa gbọ́ "ẹ̀yin náà" títí wọn yóò fi gbé òun sin. Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ.

Ọ̀nà wọn gba inú igbó Dínà-Bèèrè kọjá. Iwin yìí fẹ̀ tó ọ̀nà, ó ga tó ìrókò, àárín títì ló máa ń jókòó sí. Kì í pa ènìyàn, kì í jẹ ènìyàn, ó ṣáà máa ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ni, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n yóò jókòó tì í títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ti jókòó níbẹ̀ tí olú ti hù lórí wọn. Èmi náà kọjá níbẹ̀ nígbà èwe mi. Èmi ni mo bi í léèrè, ó ń ronú lórí rẹ̀ títí di òní.

"Kí ni ó ń lé ẹnìkejì rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́," ni Dínà-Bèèrè wí, "tí wọ́n jọ ń sùn nílé kan, tí wọ́n jọ ń jẹ erùpẹ̀ kan náà, tí kò sì ní bá a láéláé?"

Fájìnmí họ orí. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ọdẹ́yalé kò tilẹ̀ jẹ́ kí iwin pa ẹnu dé.

"Táyà ẹ̀yìn ni. Táyà iwájú ló ń lé."

Dínà-Bèèrè wò ó pẹ́. "Òótọ́ lo sọ. Ẹni tó bá wà níwájú kì í mọ èyí. Ẹ̀yìn ta lo ń wò tó bẹ́ẹ̀?"

Fájìnmí ti bú sẹ́rìn-ín, ó ń lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń sọ fún iwin pé láti kékeré ni ọpọlọ bọ̀ọ̀dá òun ti mú báyìí. Ìyìn náà ro Ọdẹ́yalé lára ju èébú lọ.

Láti ibẹ̀ wọ́n dé Ìlú Wo-Tiwọn. Bí ẹ bá délé, ẹ sọ fún àwọn ìyàwó yín pé mo sọ ọ́: ìlú yẹn wà. Gbogbo fèrèsé tó wà níbẹ̀ ló kọjú sí ilé aládùúgbò, kò sí ẹni tó mọ àwọ̀ tí ilé ara rẹ̀ ní. Ọbẹ̀ wọn máa ń jóná lójoojúmọ́, nítorí ìkòkò ẹlòmíràn ni ìyá ilé ń ṣọ́. Ọrùn gbogbo wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n ṣe rí Ọdẹ́yalé, wọ́n tú jáde, wọ́n dì mọ́ ọn.

"Ọmọ wa ti dé," ni baálẹ̀ wọn wí. "Ọjọ́ wo lo ti kúrò nílé?"

"Mi ò wá síbí rí, bàbá," ni Ọdẹ́yalé wí.

"Ọrùn rẹ ti wá." Baálẹ̀ wo Fájìnmí. "Ti èyí gún jù. Kò lè sùn lọ́dọ̀ wa."

Wọ́n gbé àga fún Ọdẹ́yalé níbi tí yóò ti máa rí ilé ọlọ́rọ̀ kan dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó gbádùn rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ bí kò ṣe balẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Wọ́n tilẹ̀ ń mú oyè wá fún un. Ìbá jókòó síbẹ̀ dòní olónìí, àmọ́ ó gbójú sókè, ó rí i pé Fájìnmí ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń rọra lọ, kò sì lè fara dà á kí ó wà níwájú òun. Ó fò dìde, ó gbàgbé fìlà rẹ̀ síbẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé Ìlú Yípo.

Ẹnìkan ń bi mí níbẹ̀ yẹn pé báwo ni iwin ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Èyí tó ní ẹsẹ̀ kan ń fi ẹsẹ̀ kan wà á. Èyí tí kò ní ẹsẹ̀ rárá ń fi irùngbọ̀n wà á. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kò mọ èyí tí yóò fi ṣáájú, kò tíì kúrò lójú kan títí wọ́n fi parí eré. Má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu mọ́.

Ọba ìlú náà, arúgbó iwin tí ipéǹpéjú rẹ̀ gùn dé àyà, jókòó sí ẹnu ibodè tí eré yóò parí sí, ó gbé agogo idẹ ka orí itan. Wọ́n fọn fèrè, eré bẹ̀rẹ̀. Títì náà pọ́nkè lọ sí orí òkè kan tí iwin kan tí imú rẹ̀ tó abà jókòó sí, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó máa fi imú náà fẹ́ atẹ́gùn lu àwọn eléré. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, àwọn iwin fífúyẹ́ bọ́ sórí igi. Ó tún fẹ́ ẹ, kẹ̀kẹ́ àwọn mìíràn ń fò lójú ọ̀run.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wọ ẹ̀yìn mi," ni Fájìnmí ké.

Ọdẹ́yalé wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Níbẹ̀, atẹ́gùn kò rí i, ó tilẹ̀ gbóná díẹ̀. Ohun tó ń rí kò ju ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti fi kànìnkànìn wẹ̀ lójú odò, tó ti wá fẹ̀ bí ilẹ̀kùn báyìí. Ó ń wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yí láìsí wàhálà. Ó jowú ẹ̀yìn náà, ó jowú ẹsẹ̀ náà, ó jowú òógùn tó ń ṣàn lára rẹ̀. Nígbà tó yá, Fájìnmí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè bọ́ síwájú gẹ́gẹ́ bí òfin.

"Ẹsẹ̀ ń ro mí," ni Ọdẹ́yalé wí. Kò sí ohun tó ń ro ó.

"Ẹ sinmi, bọ̀ọ̀dá. Ẹ ṣáà má kúrò lẹ́yìn mi."

Fájìnmí tún padà síwájú, ó gba afẹ́fẹ́ fún àwọn méjèèjì títí dé orí òkè. Ó rẹ iwin onímú náà, ó gbé imú sórí ilẹ̀, ó sùn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì, àwọn méjì péré ló kù lójú ọ̀nà. Ibodè ti ń hàn lọ́ọ̀ọ́kán, idẹ ń kọ mànà lórí itan ọba.

Ọdẹ́yalé rò pé àsìkò òun ti tó. Ó ti rẹ ẹnì kan, ẹnì kejì ti sinmi. Ó dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́, ó fi gbogbo ohun tí ẹtu àti òkè ti kọ́ ọ tẹ̀ ẹ́. Ó bá Fájìnmí dọ́gba. Fájìnmí bojú wò ó, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí eré, òun náà dìde dúró, ó sì ń lọ. Àlàfo já sí àárín wọn, ó ń fẹ̀ sí i. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, òótọ́ ni, àmọ́ ta ló ń fi àkísà sáré? Ọdẹ́yalé rí i pé kò sí ohun tó kù lẹ́sẹ̀ òun. Ó rí Àwẹ̀ró lójú inú rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹlòmíràn. Owú ló la ẹnu rẹ̀.

"Fájìnmí!"

Kì í ṣe bí eléré ṣe ń pe eléré ló pè é. Ó pè é bí ó ṣe máa ń pè é láti ẹ̀yìnkùlé, lọ́jọ́ tí bàbá wọn kú àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gba ẹ̀kọ́ ilé, ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, àgbà kì í pe ni kí a wà lórí kẹ̀kẹ́ dá a lóhùn. Fájìnmí kò rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ti di bíréèkì mú kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó yíjú padà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku, níbi tí ibodè kò ti jìnnà mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo dé."

Ọdẹ́yalé gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò wo ilẹ̀.

Wọ́n gbé agogo fún un. Òfin ni òfin, òun ni wọ́n kọ́kọ́ kí. Gbogbo ìlú kí i, wọ́n yára kí i, wọ́n sì sáré kọjá lára rẹ̀ lọ bá ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá iwin kan tó ní orí méjì gbé ọmọ rẹ̀ sókè kí ó lè ríran. Ó ní, "Wò ó dáadáa. Òun ni wọ́n pè, tó sọ̀ kalẹ̀." Ọdẹ́yalé di idẹ mú lọ́wọ́, ó tún ń jowú. Ó ti gba ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n sì ti tún wá ọlá mìíràn fún un lójú ẹsẹ̀, ìpè tí òun fúnra rẹ̀ pè é ló sì fún un.

Ọba gbé ipéǹpéjú rẹ̀ sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwọ ọmọ yìí, ta ló tọ́ ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni, kábíyèsí," ni Fájìnmí wí, ó sì nawọ́ sí Ọdẹ́yalé.

Gbogbo ìlú yíjú. Wọ́n wo Ọdẹ́yalé tìyanu-tìyanu, wọ́n ń mi orí, ojú tí ó ti ń wá láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti kí i gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ń wò ó. Àwọn àgbà iwin bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fún un. Ọdẹ́yalé ìbá sọ pé kí ilẹ̀ la gbé òun mì.

Fájìnmí wá súnmọ́ ọn. Eruku ṣì wà ní iwájú orí rẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lójú ọmọ tí wọ́n bá sáré pè.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ pè mí. Mo ní bóyá nǹkan ṣe yín. Kí lẹ pè mí fún?"

Ọkùnrin tó dá Dínà-Bèèrè lóhùn kí ó tó pa ẹnu dé, ó dúró níbẹ̀, ó ń wá èsì. Ó wo agogo. Ó wo àwọn iwin tí wọ́n ṣì dúró.

"Mo ti gbàgbé," ni ó wí.

Fájìnmí wò ó. Ó wo agogo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ibodè, ó wo ibi tí òun ti dọ̀bálẹ̀ sí, ó tún wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo gbà pé ìgbà yẹn ló mọ̀. Ó nu iwájú orí rẹ̀.

"Ó dáa, bọ̀ọ̀dá. Bí ẹ bá rántí, ẹ pè mí."

Wọ́n jọ padà sílé. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi òkú, níbi ìpàdé àwọn ọdẹ, Ọdẹ́yalé ni gbogbo wa ń kọ́kọ́ kí lọ́dún yìí, èmi náà ń kí i, ẹ̀yin náà ń kí i. Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé ni mo dúró sí yìí, ẹni tó bá fẹ́ kí n fi adùn kún un, kí ó lọ wá ẹlòmíràn. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo lè fi kún un, tí ojú mi sì rí. Ọdẹ́yalé kò pe orúkọ Fájìnmí mọ́ láti ọjọ́ náà. Lánàá yìí, òpó ilé rẹ̀ ṣẹ́, ó ń wá ẹni tí yóò bá a gbé òmíràn. Mo bá a níwájú ilé àbúrò rẹ̀, agogo idẹ wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wúkọ́, ó ń wúkọ́, bóyá wọn yóò gbọ́ nínú ilé.